Kẹ́ẹ̀gì Omi, Àga Onígi àti Àwo Ẹ̀wà

Lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹni tó bá ti fi èyí sọ́kàn ti ní irinṣẹ́ ìdárayá nínú ilé, nítorí ó ṣòro kí ènìyàn wọ àgbàlá kan ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kó má bá kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́bàá kànga. Èyí tí wọ́n fi ra epo pupa gba lítà 5. Òmíràn gba 10. Àgbà wọn, tí wọ́n máa ń gbé lọ sídìí ẹ̀rọ omi, gba 25. Àpò píọ̀ wọ́tà kan, tó ní ọ̀rá 20 nínú, tí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan sì gba ìdajì lítà, jẹ́ kílò 10. Iṣan ara kò mọ̀ bóyá irin tó ń dán ni wọ́n gbé lé òun lọ́wọ́ tàbí omi. Ìwúwo nìkan ló mọ̀.

Orí ìwé yìí wà fún ìyá tó fẹ́ gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta láìmí hẹlẹhẹlẹ, fún bàbá tó fẹ́ dìde lórí ẹní láìwá ẹni tí yóò fa òun lọ́wọ́, àti fún akọ̀wé tó ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìmọ̀ràn kan jáde ní ọdún 2020 fún irú wọn: kí àgbàlagbà máa rìn kánmọ́kánmọ́, tàbí kó ṣe ohun mìíràn tó jọ ọ́, fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kó sì ya ọjọ́ 2, ó kéré tán, sọ́tọ̀ fún ìdárayá tó ń mú iṣan le. Apá àkọ́kọ́ ti wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn létí. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, àwọn tó ń sáré ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè ní Èkó kì í ṣe kékeré. Apá kejì ni wọ́n máa ń fò.

Bí wọ́n bá bi ìyá tó ń gúnyán lójoojúmọ́ léèrè, yóò ní iṣẹ́ òun ti tó ìdárayá. Kò sì parọ́: èjìká rẹ̀ mọ̀ pé ọmọ odó kì í ṣe ohun eré. Àmọ́ ọmọ odó tó gbé lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn náà ló ń gbé lónìí. Kò wúwo sí i. Ara ènìyàn ní àṣà kan: ìwọ̀n iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé fún un ló ń múra sílẹ̀ fún, kì í fi nǹkan kan kún un. Nígbà tí ọmọ odó ṣì ṣàjèjì sí ọwọ́, iṣan ń dàgbà. Nígbà tó ti mọ́ ọn lára tán, iṣan dúró síbi tó dé. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ orí wọlé. Láti nǹkan bí ọmọ 30 ọdún lọ, ẹni tí kò bá fún iṣan níṣẹ́ tó le ń pàdánù bí ìdá 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún iṣan rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, àdánù náà sì ń yára sí i lẹ́yìn 60. Ó ṣòro láti rí i nínú dígí, nítorí ọ̀rá lè gba àyè tí iṣan fi sílẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá nira láti dìde lórí àga ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀.

Ẹni tó sọ ìwòsàn nípa ẹrù wíwúwo di ìlànà ni dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Thomas DeLorme. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wà ní ilé ìwòsàn ológun Gardiner ní Chicago, níbi tí àwọn ọmọ ogun tí orúnkún wọn ti bàjẹ́ pọ̀ sí. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún irú wọn nígbà náà ni pé kí wọ́n sinmi, kí wọ́n sì máa gbé ohun fẹ́ẹ́rẹ́ ní àìmọye ìgbà. Ara wọn kò tètè yá. DeLorme, tí òun fúnra rẹ̀ ti gbé irin nígbà èwe lẹ́yìn tí àìsàn líle kan dá a dùbúlẹ̀, gba ọ̀nà mìíràn: ẹrù tó wúwo dáadáa, ní ìgbà díẹ̀, kí wọ́n sì máa fi kún un bí agbára bá ṣe ń dé. Ó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1945. Ní 1948, òun àti Arthur Watkins sọ ọ́ di sẹ́ẹ̀tì 3, ìgbà 10 nínú sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan: àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìdajì ẹrù, èkejì pẹ̀lú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, ẹ̀kẹta pẹ̀lú odindi rẹ̀. Sẹ́ẹ̀tì kan ni kí ènìyàn ṣe ìdárayá kan léraléra títí yóò fi pé iye tó dá, kó tó sinmi. Sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ìgbà mẹ́wàá-mẹ́wàá yẹn ṣì wà lẹ́nu àwọn olùkọ́ jíìmù títí dòní.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, kẹ́ẹ̀gì sì ni irinṣẹ́ tó bá òwe yìí mu jù. Irin jíìmù lè fò láti kílò 5 sí 10. Omi kì í fò. Ẹni tó bá bu lítà 10 sínú kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lè máa fi lítà kan kún un lọ́sẹ̀, tàbí ìdajì lítà ní ọ̀sẹ̀ tí ara kò bá dá ṣáṣá. Bó bá jẹ́ lítà kan, ọ̀sẹ̀ 15 ni kẹ́ẹ̀gì yóò fi kún dẹ́nu. Àmì pé àkókò ti tó láti bu omi kún un kò ṣòro mọ̀: bí wọ́n bá parí ìgbà kẹwàá nínú sẹ́ẹ̀tì kẹta, tí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ṣì lè ṣe méjì sí i láìwọ́, ó ti tó. Bó bá jẹ́ pé ní ìgbà keje ni ẹ̀yìn ti ń tẹ̀ kọdọrọ, ẹrù ti pọ̀ jù, kí wọ́n da díẹ̀ nù nínú rẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì ní ìwà tirẹ̀, ó sì dára kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Omi tí kò kún máa ń gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì, ó sì ń jẹ́ kí ẹrù ṣòro láti dì mú ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Kí ọ̀nà ìgbé mọ́ wọn lára kí wọ́n tó fi ẹrù kún un. Ìdérí gbọ́dọ̀ le. Ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì máa ń gé ìka, nítorí náà kí wọ́n wé àkísà mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi yanrìn rọ́pò omi gbọ́dọ̀ rántí pé lítà yanrìn gbígbẹ kan wúwo tó kílò kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdárayá márùn-ún péré ti tó. Lílóṣòó ni àkọ́kọ́, ọmọ ọdún méjì sì mọ̀ ọ́n ju bàbá rẹ̀ lọ: á lóṣòó ti eré rẹ̀, gìgísẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ẹ̀yìn gbọọrọ, á sì dìde láìfi ọwọ́ ti ibì kankan. Àga ló gba ìmọ̀ yẹn lọ́wọ́ àgbàlagbà, àga náà ni yóò sì dá a padà. Kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ jókòó sórí àga onígi, kó ká ọwọ́ mọ́ àyà, kó dìde, kó tún rọra jókòó láìjábọ́ lé e. Nígbà tí ìgbà 10 bá ti rọrùn lẹ́ẹ̀mẹta, kó gbá kẹ́ẹ̀gì onílítà 5 mọ́ àyà. Nígbà tí ìyẹn náà bá rọrùn, kó gbé àga kúrò, kó sì lóṣòó dé ibi tí ara bá gbà á dé. Orúnkún gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé ibi tí ìka ẹsẹ̀ kọjú sí; kò gbọdọ̀ wọlé sínú bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n.

Èkejì ni gbígbé ẹrù láti ilẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń bàjẹ́. Kẹ́ẹ̀gì ni kó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kì í ṣe níwájú. Kí ìdí kọ́kọ́ sún sẹ́yìn, bí ìgbà tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún bá ń fi ìdí ti ilẹ̀kùn, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, kí ẹ̀yìn gún bíi pákó. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ gidi, kí wọ́n sì nàró. Àwọn obìnrin tó ń fi ọwọ̀ gbá àgbàlá láàárọ̀ ti mọ ìtẹ̀sí yìí tipẹ́, wọ́n kàn ń ṣe é láìsí ẹrù lọ́wọ́ ni.

Ẹ̀kẹta ni prẹ́ẹ̀sì-ọ́ọ̀pù. Ọmọkùnrin tí wọ́n kọ́ ní ìdọ̀bálẹ̀ láti kékeré ti mọ ìdajì rẹ̀. Ẹni tí ti orí ilẹ̀ bá le fún kò ní láti tijú: kó kọ́kọ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, kó máa ti ara rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó lo etí tábìlì tó dúró dáadáa, lẹ́yìn náà, kó wá sórí ilẹ̀. Kí ara gún láti orí dé gìgísẹ̀, kí ikùn má sọ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, fífà. Kí ọwọ́ kan di àga mú, kí èkejì fa kẹ́ẹ̀gì kékeré láti ìsàlẹ̀ wá sí ìhà, kí ìgúnpá lọ sẹ́yìn. Ilé tí wọ́n ṣì ń fi okùn fa omi kànga ti ní èyí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀karùn-ún ni gbígbé rìn: kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, àyà síta, kí wọ́n rìn ní ìgbésẹ̀ 30, kí wọ́n sọ̀ ọ́, kí wọ́n tún gbé e. Alábàárù ọjà Bódìjà tàbí ti Mile 12 lágbára gidigidi, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe. Ẹrù rẹ̀ kì í ní ọjọ́ ìsinmi, owó ọjọ́ náà ló sì ń sọ bóyá yóò jẹun yó. Iṣan kì í dàgbà nígbà tí wọ́n ń gbé ẹrù. Ìgbà ìsinmi àti oorun ló ń dàgbà. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ìṣẹ́jú 40 ní ẹ̀ẹ̀kan, ìsinmi bí ìṣẹ́jú 2 láàárín sẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì: ẹni tó bá dì í mú ti ń ṣe dáadáa. Kó sì máa mí síta nígbà tó bá ń gbé ẹrù sókè, nítorí dídi èémí mú máa ń ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè lójijì.

Àwọn obìnrin kan kì í fẹ́ súnmọ́ ẹrù, nítorí ìbẹ̀rù pé ara àwọn yóò ki bí ti ọkùnrin. Adijat Olarinoye dá wọn lóhùn láìsọ̀rọ̀. Ní ìdíje Commonwealth ní Birmingham, lọ́dún 2022, ó gba wúrà fún Nàìjíríà láàárín àwọn obìnrin tí ìwọ̀n ara wọn kò ju kílò 55 lọ. Ó gbé 92 sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ilẹ̀, ó sì gbé 111 gba èjìká lọ sókè orí, àpapọ̀ 203. Kílò 111 ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ, ara tó gbé e kò sì ju àpò kan àti díẹ̀ lọ. Rafiatu Lawal, láàárín àwọn tí ìwọ̀n wọn kò ju 59 lọ, gbé àpapọ̀ 206 níbẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ irin ló fún wọn ní agbára yẹn, síbẹ̀ ìwọ̀n ara wọn kò kúrò níbi tí wọ́n fẹ́ kó wà. Kẹ́ẹ̀gì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò lè sọ ìyá ọlọ́mọ di ohun tí kò fẹ́ dà.

Ní ti àwọn àgbà, iṣẹ́ tó yẹ kí gbogbo ọmọ tó bá ń sọ pé "Màmá, ẹ jókòó, ẹ má ṣe nǹkan kan" mọ̀ ni èyí tí Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan ní Boston, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1990. Wọ́n fi ìdárayá ẹrù wíwúwo lọ àwọn ẹni mẹ́wàá tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 90 níwọ̀n. Mẹ́sàn-án parí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, agbára itan wọn fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, èyí ni pé ó ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìfẹ́ ló ń mú kí ọmọ gba iṣẹ́ gbogbo lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá tí kò gbé ohunkóhun mọ́ kò ní pẹ́ di ẹni tí wọ́n ń gbé. Fún àwọn tó ti lé ní 65, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n fi ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá agbára pẹ̀lú ti ìdúróṣinṣin, kí wọ́n má baà máa ṣubú.

Wọ́n lè dán àgbà wò nílé láìná kọ́bọ̀. Kí wọ́n fi ẹ̀yìn àga ti ògiri, kí àgbà ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí wọ́n sì ka iye ìgbà tó bá dìde délẹ̀délẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ẹni tó wà láàárín 60 sí 64, bó bá jẹ́ obìnrin tí kò tó 12, tàbí ọkùnrin tí kò tó 14, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rẹ̀yìn sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Láàárín 70 sí 74, iye náà jẹ́ 10 fún obìnrin, 12 fún ọkùnrin. Kí wọ́n kọ iye tí wọ́n bá rí sílẹ̀.

Nǹkan tó ń ba iṣẹ́ kẹ́ẹ̀gì jẹ́ jù ni àwo oúnjẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, òkè èbà ló máa ń wà nínú àwo, pẹ̀lú ẹran kan tí kò ju ìka méjì lọ. Èyí tó tóbi lọ sí àwo bàbá, ìyá fún àwọn ọmọ ní tiwọn, òun wá fi ọbẹ̀ lásán jẹ tirẹ̀. Ìyá tó bá ń gbé ẹrù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò lè máa ṣe bẹ́ẹ̀. Purotéènì ni ara fi ń mọ iṣan, bí birikìlà ṣe ń fi búlọ́ọ̀kù mọ ilé, bí búlọ́ọ̀kù kò bá sì dé, birikìlà yóò jókòó.

Ìwọ̀n tó kéré jù tí àgbàlagbà nílò lójúmọ́ ni gíráàmù 0.8 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń gbé ẹrù nílò 1.2 sí 1.6. Fún ẹni tó wọn kílò 70, ìyẹn jẹ́ gíráàmù 84 sí 112. Ẹyin kan ní nǹkan bí 6. Ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100 ní 23. Ẹja sísè tó ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ní bí 22, ẹ̀gúsí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30, sóyà gbígbẹ tó 36. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan ní 7. Gààrí? Gíráàmù 100 rẹ̀ ní 1 tàbí díẹ̀ lé. Ìṣirò náà fi hàn pé kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni di olówó kó tó lágbára: àkàrà tí wọ́n fi gíráàmù 100 ẹ̀wà dín, pẹ̀lú ẹ̀kọ, láàárọ̀, àmàlà pẹ̀lú ewédú, gbẹ̀gìrì àti ẹja títù kan tó nílàárí lọ́sàn-án, ẹ̀pà nírọ̀lẹ́, ẹyin méjì pẹ̀lú iṣu lálẹ́. Bí wọ́n bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, pẹ̀lú díẹ̀díẹ̀ tó wà nínú iṣu, ẹ̀kọ àti àmàlà, yóò dé 84.

Àkàrà àti ẹ̀kọ tọ́ sí ìdúró díẹ̀. Nínú purotéènì, àwọn èròjà kan wà tí ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní lysine pọ̀ nínú ẹ̀wà, kò tó nínú àgbàdo. Methionine kò tó nínú ẹ̀wà, àgbàdo sì ní in dáadáa jù ú lọ. Èkínní dí àléébù èkejì. Àwọn ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́kọ ti ń so àwọn méjèèjì pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ àwọn èròjà náà. Wàrà àwọn Fúlàní dára, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin náà dára, bẹ́ẹ̀ ni wàrà sóyà fún ẹni tí owó ẹran kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Èbà àti iṣu kì í ṣe ọ̀tá. Wọ́n ni epo tí ara fi ń ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n wọn ló yẹ kó bá iṣẹ́ mu. Ẹni tó fẹ́ fọn díẹ̀ lè dín òkèlè kù, kó má fọwọ́ kan ẹ̀wà àti ẹja, nítorí bí ara bá ń fọn láìsí purotéènì tó pọ̀ tó, iṣan wà lára ohun tí yóò lọ. Ní ti iyọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má tó gíráàmù 5 lójúmọ́. Iyọ̀ inú Maggi wà lára rẹ̀.

Ibi kan wà tí kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ rọra mú: oògùn. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń gún abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù kí àyà wọn lè tètè yọ. Ó ń ba ọkàn àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè mú kí kóró abẹ́ ọkùnrin sún kì. Àwọn obìnrin kan ń ra oògùn àmúsanra lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, dexamethasone ló sì máa ń wà nínú òmíràn, èyí tó ń gbé ìfúnpá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ara tó bá fi bẹ́ẹ̀ wú kò ní agbára kankan nínú. Purotéènì inú agolo kò burú bó bá ní nọ́ńbà NAFDAC, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà àti ẹja dáadáa kò nílò rẹ̀.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, èyí ni pé wọ́n gbé àbùdá àrùn yìí láìní àrùn náà fúnra rẹ̀. Wọ́n lè gbé ẹrù bí ẹlòmíràn, àmọ́ kí wọ́n má fi oòrùn ọ̀sán ṣe é, kí wọ́n mu omi dáadáa, kí wọ́n sì sinmi nígbà tó bá rẹ̀ wọ́n. Àyà dídùn tàbí òòyì ojú jẹ́ àmì pé kí ẹnikẹ́ni gbé ẹrù sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan ló ku tí wọ́n ní láti rà, irú èyí tí ọmọ iléèwé ń lò. Ọjọ́, orúkọ ìdárayá, lítà mélòó, ìgbà mélòó: ìlà kan fún ìdárayá kọ̀ọ̀kan. Bí ìrìn àjò tàbí ibà bá gba ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n da ìdá kan nínú mẹ́rin omi nù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ara yóò tún bá ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, kí wọ́n gbé àga onígi padà sí ẹ̀bá ògiri, kí wọ́n ka ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí wọ́n sì kọ iye tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́.